Ẹ̀kúnwọ́ Erùpẹ̀ Láti Inú Igbó Atewa

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ pé ènìyàn mú nǹkan pọ̀. A máa ń ṣa àgbálùmọ̀ tó bọ́ sílẹ̀, a máa ń já ewé lórí igi, a máa ń kó ẹrù kúrò lójú ọ̀nà, a sì máa ń bu omi, bu gàárì tàbí bu ọbẹ̀. Ẹni tó ń ṣà ń fi ojú yan: ó mú èyí tó wù ú, ó fi èyí tó ti bàjẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń kó kò fẹ́ ṣẹ́ ohunkóhun kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bù ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bákan náà ni gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò rí, àti pé díẹ̀ tí òun mú tó láti sọ ìyókù. Ìdí nìyí tí ìyá tó ń se ọbẹ̀ fi lè fi ṣíbí kan tọ́ odidi ìkòkò wò kí ó sì mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó. Ó ti ro ó pọ̀ kí ó tó bù ú.

Ilẹ̀ inú igbó kì í ṣe ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni rò pọ̀. Gbólóhùn kúkurú yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí dá lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ̀ èdè ni mí, tí n kì í ṣe onímọ̀ ilẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, Accra ni mo sì ń gbé báyìí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan, obìnrin tí ó ń ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ igbó, ló pè mí sí ọ̀ràn náà. Ó fẹ́ kọ ìwé kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ó sì ní kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò gbé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí pùrótíìnì tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń ṣe nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó gba àkókò wa jù lọ kì í ṣe orúkọ pùrótíìnì, kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe mímú díẹ̀ lára ohun púpọ̀, kí a lè fi díẹ̀ náà mọ púpọ̀, ni a jókòó tì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Kí òǹkàwé lè bá wa rìn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń wá. Nínú gíráàmù erùpẹ̀ kan ṣoṣo, kòkòrò àìfojúrí lè tó bílíọ̀nù kan tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yà wọn a sì máa tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ni wọ́n ń sọ ewé tó bọ́ di ilẹ̀dú. Láti bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ti lè ka DNA inú erùpẹ̀, wọ́n sì lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ẹ̀dá tó ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. DNA ń fi gbogbo alángbá hàn wá: èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń sùn, àti èyí tó ti kú tipẹ́ tí òkú rẹ̀ ṣì wà nínú amọ̀. Pùrótíìnì ni irinṣẹ́ tí ẹ̀dá alààyè fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń já fọ́nrán igi tó ń jẹrà, òmíràn ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, òmíràn ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí gbòǹgbò lè rí i mu. Ẹni tó bá rí irinṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ti súnmọ́ mímọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ìmọ̀ yìí kò tí ì pẹ́ láyé. Ní 2004 ni Paul Wilmes àti Philip Bond tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí pùrótíìnì gbogbo àwọn kòkòrò tó ń gbé pọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ tí a fi ń tọ́jú omi ìdọ̀tí. Ní 2005, Waltraud Schulze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì wá pùrótíìnì nínú omi àti erùpẹ̀ ilẹ̀ igbó. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ń là, tí ẹ̀rọ sì ń dára sí i. Síbẹ̀, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ gbówó lórí tó, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ni ó lè wọ̀n. Lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nínú igbó tí ó fi irin gún ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Igbó tí mo ní lọ́kàn ni Atewa, tí ó wà ní nǹkan bí 90 kìlómítà sí àríwá Accra, lẹ́bàá ìlú Kyebi. Láti 1926 ni ìjọba ti fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Odò mẹ́ta ni ó ti ń ṣàn wá: Birim, Densu àti Ayensu. Densu ni ó ń ṣàn wọ adágún Weija, láti Weija ni ọ̀pọ̀ ilé ní ìwọ̀-oòrùn Accra sì ti ń rí omi ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó bá yí ẹ̀rọ omi ní apá ibẹ̀ ń mu omi tí ilẹ̀ Atewa ti sẹ́ fún un, bí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n orí àwọn òkè Atewa tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà ni bọ́sáìtì wà, òkúta tí a fi ń ṣe alumíníọ̀mù. Ní 2018, ìjọba Gánà bá ilé-iṣẹ́ Sinohydro ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù méjì dọ́là, pẹ̀lú èrò pé owó bọ́sáìtì ni yóò san gbèsè náà. Ní 2020, ẹgbẹ́ A Rocha Ghana àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí igbó yìí. Bọ́sáìtì kò jìn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wà á yóò kọ́kọ́ ká erùpẹ̀ òkè kúrò bí ẹni ká ẹní. Erùpẹ̀ tí a bá ká bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún lè padà lọ bù ú wò. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ṣáájú ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí yóò kù.

Ní 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan lọ ka ewéko, labalábá, àkèré, ẹyẹ àti ẹranko inú Atewa. Ó tó 2021 kí àkèré ńlá kan tó ń gbé inú odò ibẹ̀ tó gba orúkọ sáyẹ́ǹsì tirẹ̀, Conraua sagyimase, tí wọ́n fi ìlú Sagyimase tó wà lẹ́bàá igbó náà sọ. Bí ẹranko tí a lè fi ọwọ́ gbé bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó ní orúkọ, kí ni kí á sọ nípa ohun tí ojú kò lè rí?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí a ṣe yẹ kí á bu irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkè ni Atewa. Ilẹ̀ orí òkè yàtọ̀ sí ti ìdagẹ̀rẹ̀, ti ìdagẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀ òkè, àkùrọ̀ etí odò sì jẹ́ ayé mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá mọ èyí, wọ́n sì ní orúkọ fún un: wọn kì í pe ìlẹ̀pa ní ilẹ̀dú, wọn kì í sì í gbin ohun tó yẹ fún àkùrọ̀ sórí òkè. Bí awakọ̀ bá gbé wa dúró sí ẹsẹ̀ òkè, tí òjò sì ti ṣú, ohun tó rọrùn jù ni kí á bu erùpẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, kí á so ó mọ́ inú ọ̀rá, kí á sì kọ “Atewa” sí i lára. Orúkọ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ orí òkè, ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà kò sì lè bá a jẹ́rìí. Bí ìwé bá sì dé iwájú adájọ́ tàbí iwájú mínísítà, ta ni yóò bi í pé orí òkè ni tàbí ẹsẹ̀ òkè?

Nítorí náà, ẹlẹgbẹ́ mi kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ojú yan ibi tí yóò gbẹ́. Ó máa ń pín igbó sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ga tó, lẹ́yìn náà yóò ṣẹ́ kèké nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kèké bá mú ni yóò gbẹ́, ìbáà jẹ́ inú ẹ̀gún. Ó ń gbá ewé gbígbẹ kúrò, ó ń ti páìpù irin wọ ilẹ̀, ó sì ń ya sẹ̀ǹtímítà 10 àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà nísàlẹ̀, nítorí ibi tí ewé ti ń jẹrà kò jọ ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé dáadáa. Ó ń fi ọtí nu irin kí ó tó kúrò ní ojú kan dé òmíràn. Ó ń kọ igi tó wà lókè orí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí abẹ́ ìrókò kò jọ abẹ́ ọ̀pẹ, ẹ̀bá òkìtì ọ̀gán kò sì jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó le jù: ṣé kí á po erùpẹ̀ ojú ihò mẹ́wàá pọ̀ di ẹyọ kan, àbí kí á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀? Bí a bá pò wọ́n, owó tí a ó ná sórí ẹ̀rọ yóò dínkù, a ó sì rí ohun tí ó dúró fún àárín gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àárín lè jẹ́ ohun tí kò sí níbì kankan. Bí ihò mẹ́sàn-án bá dákẹ́ tí iṣẹ́ sì ń lọ ní pẹrẹu nínú ẹ̀kẹwàá, àpòpọ̀ yóò sọ fún wa pé iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ń lọ níbi gbogbo. Ìpinnu yìí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ó yẹ kí ó pinnu rẹ̀, kí á sì pinnu kí á tó wọ igbó.

Àkókò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní gúúsù Gánà, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti bí oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò kékeré a tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ọyẹ́ a sì dé. Erùpẹ̀ kan náà, lójú ihò kan náà, kò ní fi iṣẹ́ kan náà hàn ní oṣù kẹfà àti ní oṣù kìíní. Kódà láti ìgbà tí irin bá ti fa erùpẹ̀ jáde ni àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ti mọ̀ pé ibùgbé àwọn ti yí padà, wọ́n sì ń yí irinṣẹ́ wọn padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé náítírójìn olómi tàbí yìnyín gbígbẹ lọ sínú igbó, kí wọ́n lè dì í lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n pa á mọ́ nínú òtútù tó tó ọgọ́rin ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá gbé Accra ní àkókò dumsor, nígbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọdún 2012 sí 2015, mọ ohun tí irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ara irinṣẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Bí ó ti ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi, iṣẹ́ tèmi ni mo ń rí nínú rẹ̀. Ní 1854, Sigismund Wilhelm Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní Freetown, tẹ Polyglotta Africana jáde. Ó kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú èdè àti ẹ̀ka-èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, láti ẹnu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Yàgbà wà lára wọn. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnu ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ ọ, ẹni tí ó sì ti kúrò nílé tipẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá pin síbẹ̀, igi kan kì í dá igbó ṣe. A kò bá ti ka ìwé náà sí ohun àjẹkù. Ṣùgbọ́n Koelle kọ ìlú tí ẹni náà ti wá, iye ọdún tí ó ti fi ilé sílẹ̀, àti iye àwọn ará ìlú rẹ̀ tó wà ní Sàró. Nítorí àkọsílẹ̀ yìí, a mọ bí a ṣe lè gbà á gbọ́ tó, a sì mọ ibi tí ó yẹ kí á ti ṣọ́ra. Ní 1965, òpìtàn P. E. H. Hair fi àkọsílẹ̀ kan náà ṣe ìwádìí nípa bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe bọ́ sóko ẹrú, ohun tí ìwé ọ̀rọ̀ kò pète láti sọ rárá.

Bákan náà ni ó rí ní Accra tí mo wà yìí. Àwọn Yorùbá tó wá sí Gánà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Lẹ́yìn òfin tí ìjọba Busia ṣe ní oṣù kọkànlá 1969, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ó kó ẹrù lọ sílé. Bí mo bá fẹ́ mọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ níhìn-ín, tí mo sì dúró sí ìsọ̀ oníṣòwò mẹ́ta tó dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo ti bu ẹ̀bá ọ̀nà nìyẹn. Èdè àwọn tí bàbá wọn kò kúrò ní 1969 wà lórí òkè, n kò tí ì dé ibẹ̀.

Bí erùpẹ̀ bá dé ilé ìwádìí, ìbùwò kò tí ì tán. Pùrótíìnì a máa lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ilẹ̀ pupa ilẹ̀ olóoru, tí irin àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, a sì máa dì í mú gírígírí. Ohun tí ó sọ Atewa di ibi tí àwọn awakùsà ń wò náà ni ó ń mú kí ilẹ̀ rẹ̀ pa àṣírí mọ́. Omi dúdú tí ewé jíjẹrà ń sè jáde tún máa ń bá pùrótíìnì jáde, a sì máa da ẹ̀rọ láàmú. Àwọn kan ń fi ọṣẹ líle àti ooru yọ ọ́, àwọn kan ń fi fẹ́nọ́ọ̀lù. Ní 2012, Katharina Keiblinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wé ara wọn, ó sì hàn pé ọ̀nà tí a bá gbà ń yí ohun tí a ó rí padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó ń gba ìsọ̀ kan náà kọjá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó gbà.

Níkẹyìn, wọ́n ń gé pùrótíìnì wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ ń wọ̀n ọ́n, kọ̀ǹpútà sì ń fi ìwọ̀n náà wé àwọn tó ti wà nínú àkójọ. Ìwé atúmọ̀ ni àkójọ yìí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ará ìlú. Bí ó bá jẹ́ pé láti ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a ti kọ púpọ̀ nínú ìwé náà, ilẹ̀ tiwa yóò dàbí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Àwa onímọ̀ èdè ti gbọ́ irú ẹ̀sùn yẹn rí nípa àwọn èdè wa.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ìlànà. Láàárín ọ̀pọ̀ àwọn Akan, Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi Asase Yaa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í ro oko lọ́jọ́ náà. Ẹlẹgbẹ́ mi ti kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ rẹ̀ pé irin kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé a ó kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú kí á tó wọ igbó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé kí ni ìyẹn kàn nínú sáyẹ́ǹsì. Ó dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ padà lọ bu ilẹ̀ náà wò lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn onílẹ̀ rìn lọ́dún yìí.

Ìbùwò ni ọ̀rọ̀ tí a fẹnu kò lé lórí: kí á bù ú, kí á sì wò ó. Ó kúrú, ó sì rọrùn lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí àléébù tí mo sọ lókè, pé ọ̀rọ̀-ìṣe bù ń gbà pé ohun gbogbo ti pò pọ̀, a kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lásán. A kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ìbùwò kò pé bí kò bá ní ẹ̀rí márùn-ún: ibi tí a ti bù ú lórí òkè tàbí nísàlẹ̀, bí ó ti jìn tó, ọjọ́ àti ipò òjò, ọ̀nà tí a fi yan ojú ihò, àti ohun tí a ṣe sí i láti inú igbó títí dé ìdí ẹ̀rọ. Èyí tí kò bá ní wọn, erùpẹ̀ lásán ni.

Ilẹ̀ kò lè dá wa lóhùn pé a kò bu òun re. Ẹni tó ń sọ èdè lè tún wa ṣe, ó lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní, “Bàbá, a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Erùpẹ̀ Atewa kò ní rẹ́rìn-ín. Ohunkóhun tí a bá kọ sára ọ̀rá ni yóò máa jẹ́ kiri, títí dé iwájú àwọn tí yóò pinnu bóyá kí wọ́n ká òkè náà tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Omi Weija yóò sì máa ṣàn wọ Accra lẹ́yìn ìpinnu náà, ìbáà mọ́, ìbáà dọ̀tí.